Ẹranko lè kọjá kí jíìnì má kọjá: àlàyé lórí gene flow

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ dáadáa, torí mo rí i pé ó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, títí kan àwọn tó ṣe bàọ́lọ́jì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tí wọ́n bá ti gbọ́ gene flow báyìí, ohun tó máa ń sọ sí wọn lọ́kàn ni pé àwọn ẹranko kan kó kúrò níbì kan lọ síbòmíì, ó parí. Kò parí o. Ẹranko lè rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà dé àárín àwọn tó jẹ́ irú rẹ̀ níbòmíì, kó jẹ níbẹ̀, kó mu níbẹ̀, kó dàgbà níbẹ̀, kó sì kú síbẹ̀, síbẹ̀ kí jíìnì ẹyọ kan má kọjá. Ọmọ ló ń gbé jíìnì kọjá. Tí àlejò yẹn ò bá bí, tàbí tó bí tọ́mọ ò yè, tàbí tọ́mọ yè àmọ́ tí òun náà ò lè bí, a ò lè sọ pé jíìnì kankan wọlé, bó ti wù kí àlejò yẹn pẹ́ tó níbẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, jíìnì ni apá kan pàtó lára DNA, ìyẹn èròjà inú ara tó ń gbé àbùdá látọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ, tó máa ń darí bí ara ṣe máa ṣe nǹkan kan, a gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, a gba ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Jíìnì kan náà lè wà ní oríṣi méjì mẹ́ta, bíi kí oríṣi kan jẹ́ kí irun ẹranko dúdú kí oríṣi kejì jẹ́ kó pupa. Tí mo bá sì ní agbo, ohun tí mò ń sọ ni àwọn ẹranko, igi, kòkòrò tàbí èèyàn tí wọ́n jẹ́ irú kan náà, tí wọ́n jọ ń gbé lágbègbè kan, tí wọ́n sì ń bá ara wọn bímọ ju bí wọ́n ṣe ń bá àwọn tó wà lọ́nà jíjìn bímọ lọ. Gene flow wá ni kí oríṣi jíìnì tó wà nínú agbo kan bọ́ sínú agbo kejì nípasẹ̀ ọmọ bíbí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n ń bá ara wọn bí, ìbaaka lọmọ tí wọ́n ń bí, ìbaaka lágbára, ó ń rẹrù, kò sóhun tó ṣe é, àfi pé kì í bímọ, ó ṣọ̀wọ́n gidi kéèyàn tó gbọ́ pé abo ìbaaka kan bí. Ẹṣin ní krómósóòmù 64, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín tí DNA wà lórí wọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní 62, ìbaaka wá ní 63, iye tí ò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ìyẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ lè ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin tó máa dọmọ. Látìgbà tí ọmọ aráyé ti ń da àwọn méjèèjì pọ̀, ẹṣin ṣì ń jẹ́ ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣì ń jẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọmọ wà, ọmọ-ọmọ ni ò sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, ẹ má sá lọ o, kò le. Ká ní ẹyẹ kan wà lórí ilẹ̀ ńlá, irú ẹyẹ yìí kan náà sì wà lórí erékùṣù kékeré kan létí ibẹ̀. Jíìnì tó ń jẹ́ kí ìyẹ́ wọn pupa, 80 nínú 100 ló jẹ́ oríṣi yẹn lórí ilẹ̀, àmọ́ lórí erékùṣù 20 péré nínú 100 ni. Ká wá sọ pé ní ìran kọ̀ọ̀kan, nínú gbogbo ẹyẹ 100 tó bá bímọ lórí erékùṣù yẹn, 10 ló fò wá láti orí ilẹ̀. Àwọn 90 tó jẹ́ ọmọ onílé máa mú 18 wá, ìyẹn 20 nínú 100 ti 90, àwọn àlejò 10 máa mú 8 wá, tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀ ó di 26. Ìran kan péré nìyẹn o, ó ti kúrò ní 20 ó di 26. Ìran tó tẹ̀ lé e á di 31.4, èyí tó tẹ̀ lé e á lé díẹ̀ ní 36, bó ṣe ń lọ nìyẹn, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì á máa fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín kù ní ìran kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá fi máa di ìran 20 erékùṣù yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 73. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́yẹ kankan tó yí àwọ̀ padà, kò sí jíìnì tuntun tí wọ́n dá, ẹyẹ tó ní ìyẹ́ pupa ò sì sàn ju èkejì lọ. Bíbọ̀ àti bíbí yẹn nìkan ló ń sọ agbo méjèèjì di ọ̀kan díẹ̀díẹ̀.

Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń bi mí pé ṣé gene flow ló ń dá jíìnì tuntun sílẹ̀ ni? Rárá, ayípadà tó ń ṣẹlẹ̀ lára DNA fúnra rẹ̀, tá à ń pè ní mutation, ló ń dá oríṣi tuntun sílẹ̀. Ohun tí gene flow ń ṣe ni pé ó ń kó èyí tó ti wà níbì kan lọ síbi tí ò ti sí tàbí tí ò ti pọ̀. Ẹ má sì pò ó pọ̀ mọ́ bí àwọn bakitéríà ṣe máa ń fi DNA ránṣẹ́ síra wọn láìbímọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè tó gbádùn mọ́ mi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé, àlejò mélòó ló tó? Sewall Wright, onísáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ṣírò ẹ̀ lọ́dún 1931, èsì tó jáde sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu, pé tí ẹyọ kan péré bá wọlé ní ìran kọ̀ọ̀kan tó sì bímọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti má jẹ́ kí agbo méjì jìnnà síra wọn jù, bóyá agbo náà jẹ́ 50 o, bóyá ó jẹ́ 5,000 o. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní báwo, ṣebí ẹyọ kan nínú 5,000 ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nínú agbo kékeré, àkọsẹ̀bá ló ń ṣe jàǹbá jù: ẹranko méjì mẹ́ta kú láìbímọ, oríṣi jíìnì kan bá wọn lọ pátápátá, tó bá fi máa tó ìran mélòó kan agbo yẹn ti yàtọ̀ gan-an sí àwọn yòókù. Nínú agbo ńlá àkọsẹ̀bá ò lágbára bẹ́ẹ̀, iye tó wà níbẹ̀ pọ̀ jù fún ikú ẹni méjì mẹ́ta láti da nǹkan rú. Nítorí náà níbi tí ẹyọ kan ti kéré lójú, àkọsẹ̀bá tó ń bá jà náà kéré. Níbi tí àkọsẹ̀bá ti le, ẹyọ kan yẹn náà tóbi nínú 50. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú ẹranko igbó ò gbára lé ẹyọ kan mọ́ ṣá, nítorí inú igbó tòótọ́ kì í rí bí ìṣirò, wọ́n máa ń sọ pé kó wà láàárín 1 sí 10 ní ìran kan.

Èyí tó yẹ ká fi ara balẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ àwọn puma, ẹranko ńlá kan tó jẹ́ ẹbí ológbò, ti ìpínlẹ̀ Florida, tí wọ́n ń pè ní panther níbẹ̀. Láyé àtijọ́, puma wà káàkiri apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láti Florida títí dé ìpínlẹ̀ Texas, akọ á ti ibí lọ gba ìyàwó lọ́hùn-ún, jíìnì ń lọ ó ń bọ̀. Èèyàn wá pa wọ́n, wọ́n gba igbó wọn, ó wá ku àwọn díẹ̀ tó há sí ìsàlẹ̀ Florida láìsí puma kankan nítòsí. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, gbogbo èyí tó kù ò ju nǹkan bíi 20 sí 30 lọ. Ìbátan ń gun ìbátan, bàbá ń gun ọmọ. Ohun tó sì ń tìdí irú ẹ̀ jáde ni pé gbogbo ẹ̀dá ló ní àwọn oríṣi jíìnì tí ò dáa tó fara pamọ́ sára rẹ̀, wọn kì í ṣe nǹkan kan tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ti wá, ṣùgbọ́n tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ ìbátan, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ní ọ̀kan náà, kọ́mọ wá gbà á ní méjì, ibẹ̀ ló ti máa fojú hàn. Ó fojú hàn lára wọn lóòótọ́: ìpẹ̀kun ìrù wọn ṣẹ́ kọ́rọ́, irun ẹ̀yìn wọn dìde yí po lójú kan, ọkàn àwọn kan ní ihò, ọ̀pọ̀ akọ sì wà tí kórópọ̀n wọn ẹyọ kan tàbí méjèèjì ò sọ̀kalẹ̀, àtọ̀ wọn ò dáa. Ẹranko tí ìbímọ rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ọ̀nà àtiparun ló wà yẹn.

Lọ́dún 1995 wọ́n mú abo puma mẹ́jọ láti Texas, wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní Florida. Mẹ́jọ péré. Márùn-ún nínú wọn bímọ níbẹ̀. Ẹ rántí ohun tí mo sọ lókè, àwọn mẹ́ta tí ò bí yẹn, wọ́n rìn nínú igbó yẹn, wọ́n pa ẹran jẹ, ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti kan jíìnì wọn ò kó nǹkan kan wọlé. Àwọn ọmọ tí àwọn márùn-ún bí fún akọ Florida, ìrù wọn nà, àléébù ọkàn yẹn dín kù, àwọn ọmọ náà sì ń yè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín bí ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, iye wọn ti di ìlọ́po mẹ́ta, lónìí wọ́n ń fojú bù ú sí 120 sí 230 àgbà. Nígbà tó di 2003 wọ́n kó àwọn abo Texas tó ṣẹ́ kù kúrò nínú igbó yẹn. Kíkó tí wọ́n kó wọn kúrò yẹn ò mú jíìnì wọn kúrò, ó ti wà lára ọmọ, ó ti wà lára ọmọ-ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ mi nínú torí àwọn kan jiyàn nígbà yẹn pé tí wọ́n bá kó ti Texas wọ̀ ọ́, Florida ò ní jẹ́ Florida mọ́. Mo lóye ẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ kí èèyàn tó dí i.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di oògùn tí èèyàn á lò lẹ́ẹ̀kan táá sì gbàgbé. Erékùṣù kan wà lórí adágún Superior, láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, Isle Royale lorúkọ ẹ̀, ìkookò wà níbẹ̀. Lọ́dún 1997 akọ ìkookò kan gba orí omi tó ti di yìnyín wọlé láti orí ilẹ̀ Kánádà, kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn, ìgbà tí wọ́n yẹ DNA inú ìgbẹ́ àwọn ìkookò wò lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé àlejò ni. Akọ yẹn lágbára ju gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀ lọ, ó bímọ púpọ̀, kò pẹ́ rárá tó fi jẹ́ pé gbogbo ìkookò erékùṣù yẹn ló ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lára, ó ju ìdajì gbogbo jíìnì tó wà níbẹ̀ lọ tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tó ń lọ. Tí gbogbo wọn bá ti di ọmọ ẹnì kan, ìbátan tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ìbátan nìyẹn, yìnyín ò sì dì dáadáa mọ́ lọ́dọọdún kí òmíì lè wọlé, nígbà tó di 2016 ó ku méjì péré, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n tún jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ó di 2018 sí 2019 kí wọ́n tó kó ìkookò tuntun 19 lọ síbẹ̀.

Ó tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Jíìnì tó ń wọlé ò fìgbà gbogbo ṣe wọ́n láǹfààní. Lórí adágún Erie, láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọn ejò odò kan wà, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ní ìlà dúdú yíká ara, ìyẹn dáa fún wọn nínú koríko àti igi tó ti wó. Lórí àwọn erékùṣù inú adágún náà, òkúta funfun gbalasa ló wà létí omi, ejò tó ní ìlà dúdú á yọ síta gbangba, àwọn ẹyẹ á sì tètè rí i, pàápàá tó bá ṣì kéré, nígbà tí èyí tí ara rẹ̀ rí eérú láìní ìlà á dà bí òkúta. Ó yẹ kí gbogbo ejò erékùṣù ti di aláìnílà látọjọ́ yìí. Wọn ò tíì dà bẹ́ẹ̀. Bí ẹyẹ ṣe ń jẹ àwọn onílà tán, bẹ́ẹ̀ làwọn onílà míì ń lúwẹ̀ẹ́ wá láti orí ilẹ̀, wọ́n ń bá àwọn tó wà níbẹ̀ bímọ, jíìnì ìlà ń padà wọlé. Ibùgbé ń fà síhìn-ín, àlejò ń fà sọ́hùn-ún, ohun tẹ́ ẹ bá bá lórí erékùṣù yẹn ni ibi tí fífà méjèèjì ti pàdé.

Ti igi àti koríko, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kì í rìn, afẹ́fẹ́ àti kòkòrò ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó wọn kiri, omi àti ẹyẹ ń gbé èso wọn. Ó sì lè lọ jìnnà ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ: ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2004 fi hàn pé ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, jíìnì tí wọ́n fi ọwọ́ kì sínú koríko pápá gọ́ọ̀fù kan ti dé ara koríko tó tó kìlómítà 21 síbi tí wọ́n gbìn ín sí, afẹ́fẹ́ ló gbé e.

Jíìnì tó bá wúlò fún ẹni tó gbà á, ìyẹn á sáré ju gbogbo ìyókù lọ, kódà ó lè fo ààlà láàárín irú ẹ̀dá méjì tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bára wọn bímọ. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri nílẹ̀ Áfíríkà ní irú méjì tó jọra gan-an, Anopheles gambiae àti Anopheles coluzzii, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó gun ara wọn. Ṣùgbọ́n oríṣi jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní kdr, tó ń jẹ́ kí oògùn inú àwọ̀n má lè pa ẹ̀fọn, kọjá láti ara gambiae sí ara coluzzii. Ní Mali, àsìkò tí àwọ̀n olóògùn ń pọ̀ sí i láwọn ilé ló wá di ohun tó gbòde lára coluzzii. Ọmọ àdàpọ̀ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, oògùn wá ń pa àwọn tí ò ní in, àwọn tó ní in ń bímọ lọ. Ẹni tó bá ń ja ìjà ibà tí ò bá ka ọ̀rọ̀ yìí sí, á máa rò pé òun ń bá ẹ̀fọn kan jà nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹ̀fọn kejì ti kọ́ ti dọ́wọ́ ẹ̀.

Àwa èèyàn náà ńkọ́? Lọ́dún 2010, àwọn onísáyẹ́ǹsì tí Svante Pääbo ṣáájú wọn ka DNA àwọn Neanderthal, àwọn èèyàn àtijọ́ tó gbé Yúróòpù àti apá kan Éṣíà kí wọ́n tó pòórá ní nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé àwọn èèyàn tí ìran wọn wá láti ìta Áfíríkà ṣì ní díẹ̀ lára DNA yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni nǹkan bí 1 sí 2 nínú 100. Ìwádìí míì ní 2020 fi hàn pé díẹ̀ dé ara àwọn ará Áfíríkà náà, torí àwọn kan padà wá láti Yúróòpù àti Éṣíà wọ́n sì bímọ síbí. Wọ́n fún Pääbo ní ẹ̀bùn Nobel ní 2022. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ègé eegun kan tí gígùn rẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ, inú ihò àpáta Denisova ní Siberia ni wọ́n ti rí i. Nígbà tí wọ́n ka DNA inú ẹ̀, tí wọ́n gbé e jáde ní 2018, wọ́n rí i pé ọmọbìnrin kan ló ni ín, ó kéré tán ó tó ọmọ ọdún 13, ó sì gbé ayé ní nǹkan bí 90,000 ọdún sẹ́yìn: Neanderthal ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ Denisovan, ẹ̀yà èèyàn àtijọ́ míì. Ọmọ àdàpọ̀ gan-gan, ọwọ́ kan lẹ lè fi mú eegun rẹ̀. A ò lè sọ pé òun fúnra ẹ̀ bímọ, àmọ́ àwọn míì bí, torí àwọn ará Tibet tó ń gbé orí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ ní oríṣi jíìnì EPAS1 kan tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, ìwádìí 2014 sì fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn Denisovan ló ti wá. Ẹ̀yà yẹn ti kú tán, jíìnì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kan ọ̀rọ̀ ológbò igbó ilẹ̀ Scotland náà, torí ó ń dùn mí. Ológbò ilé pọ̀ rẹpẹtẹ káàkiri, ológbò igbó ò tó nǹkan, àwọn méjèèjì ń bára wọn bímọ, ọmọ wọn sì ń bímọ, bí jíìnì ológbò ilé ṣe ń bo tiwọn mọ́lẹ̀ nìyẹn, tó fi jẹ́ pé ní 2019 àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ pé àwọn tó kù nínú igbó kò tó agbo tó lè dá dúró mọ́. Ní 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tí wọ́n sìn sílẹ̀ sínú igbó Cairngorms. Tẹ́ ẹ bá fi èyí lé ti Florida, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ kan náà ni jíìnì ṣe níbi méjèèjì, iye àlejò àti iye onílé ló yàtọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa bojú wo àwọn títì márosẹ̀ tá à ń la igbó kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, títì 101 pín àwọn puma orí òkè Santa Monica níyà pẹ̀lú àwọn tó wà lápá àríwá. Lọ́dún 2009 akọ kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà P-12 kọjá títì yẹn láti apá àríwá láìkú, ó bímọ lórí òkè Santa Monica, ó mú jíìnì tuntun wọlé, gbogbo èèyàn dunnú. Nígbà tó yá ó gun ọmọ tó bí, torí pé kò sí abo míì tó pọ̀ níbẹ̀, àwọn akọ míì ò sì rọ́nà kọjá. Lọ́dún 2022 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ afárá kan lórí títì náà fún ẹranko, èyí tí iyẹ̀pẹ̀ àti ewéko máa wà lórí ẹ̀. Àwọn kámẹ́rà máa ka iye puma tó bá gba ibẹ̀, ìròyìn á sì dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ puma tí wọ́n bá bí lórí òkè yẹn lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbà lọ sí láàbù, kí wọ́n wá wo ẹni tó jẹ́ bàbá wọn.